Ìwé Kékeré Tó Ń Bi Ni Léèrè

Ọ̀rọ̀ orí rédíò: ètò ẹ̀kọ́ fún àwọn àgbà

Ọ̀rọ̀ ìwé ìkọ̀wé kan àti bírò kan ni mo gbé wá lónìí: bí èèyàn ṣe lè máa kọ ohun tó ń lé sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí ọwọ́ rẹ̀ sì tẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ kan. Bí a bá fẹ́ yin ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé nílẹ̀ wa, Alájọ Ṣómólú la máa ń fi í wé. Èèyàn gidi ni bàbá náà, kì í ṣe àlọ́. Alphaeus Táíwò Olúnáìkẹ́ lorúkọ rẹ̀, Èkó ló sì ti ń gba àjọ. Ohun tí gbogbo ayé ń sọ nípa rẹ̀ ni pé á gba àjọ lọ́wọ́ ogunlọ́gọ̀ èèyàn láìkọ orúkọ ẹnì kan sílẹ̀, bí ọjọ́ bá sì pé, á san owó kálukú fún un láìṣì í san. Wọ́n ní ó tiẹ̀ ta mọ́tò, ó fi ra kẹ̀kẹ́, torí pé kẹ̀kẹ́ ló lè gba àárín ìsọ̀ kọjá.

Nígbàkigbà tí mo bá ti dá ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ sílẹ̀, ẹnì kan á ṣáà bi mí pé, “Ṣé Alájọ Ṣómólú kọ̀wé ni?” Bẹ́ẹ̀ ni, kò kọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dárúkọ rẹ̀ títí dòní. Bó bá jẹ́ pé gbogbo wa la lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ta ni ì bá máa ròyìn rẹ̀? Èmi àti ẹ̀yin tí a máa ń dé ọjà ká gbàgbé iyọ̀, ẹ jẹ́ ká fi ti bàbá sílẹ̀ fún bàbá.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé a kì í kọ nǹkan sílẹ̀ pátápátá. Ní alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún, nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì bá kún dé ojú títì, ẹ ó rí àwọn tó ń kọ nǹkan sórí ìwé pélébé: ilé, ọkọ, ọmọ, físà, ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n á ká a, wọ́n á fi sáàárín Bíbélì. Àwọn Mùsùlùmí náà ní tiwọn lọ́kàn bí ààwẹ̀ bá ti ń lọ sópin. Mi ò bá àdúrà jà o. Mo kàn ń sọ pé kí ẹ yẹ ìwé pélébé yẹn wò bó bá di oṣù Kẹfà. Ọjọ́ kò sí lórí rẹ̀, wákàtí kò sí, iye owó kò sí, ibi tí ẹsẹ̀ á ti kọ́kọ́ tẹ̀ kò sí. Ohun tí a fẹ́ kí Ọlọ́run ṣe ló kún inú rẹ̀. Èyí tí àwa fúnra wa máa ṣe ní ọjọ́ Ajé, kò síbẹ̀ rárá.

Àwọn kan ló ń kọ́ wa pé kíkọ ohun tí a fẹ́ sílẹ̀ ti tó. Ẹ ó ti gbọ́ ìtàn náà níbi ìpàdé àwọn oníṣòwò tàbí lórí YouTube. Wọ́n á ní ní ọdún 1953, ní Yunifásítì Yale l'Amẹ́ríkà, wọ́n bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ jáde léèrè bóyá wọ́n ti kọ ohun tí wọ́n fẹ́ dà láyé sílẹ̀. Mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ní òun ti kọ ọ́. Lẹ́yìn ogún ọdún, owó tó wà lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta yẹn ju ti àwọn mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún yòókù lápapọ̀ lọ.

Ìtàn náà dùn létí, àmọ́ irọ́ ni. Ní ọdún 1996, ìwé ìròyìn Fast Company tọpa rẹ̀ lọ, wọn ò rí ìwádìí kankan tó jọ ọ́, Yale fúnra rẹ̀ sì ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àwọn tó ń fi ìtàn náà pawó, ẹnì kan á ní ẹnu ẹnì kejì lòun ti gbọ́ ọ. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Òtítọ́ ti bá èyí tipẹ́, síbẹ̀ ó ṣì ń wọ mọ́tò wá sí Ìbàdàn lọ́dọọdún. Ohun tí mo fi ń bínú sí i ni pé ó ń jẹ́ kí ẹni tó kọ “mo fẹ́ di olówó” sínú ìwé rò pé òun ti ṣiṣẹ́.

Ohun tí ìwádìí gidi fi hàn kò dùn tó bẹ́ẹ̀ létí, ṣùgbọ́n ó ṣeé fẹ̀yìn tì. Onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan wà ní Jámánì, Peter Gollwitzer lorúkọ rẹ̀. Òun àti ẹnì kejì rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí ìsinmi Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀: kí wọ́n kọ̀wé nípa bí wọ́n ṣe lo ọjọ́ àìsùn Kérésìmesì, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ méjì. Ẹ̀yin náà mọ àsìkò yẹn: oúnjẹ ń bẹ, àlejò ń bẹ, ta ló fẹ́ mú bírò? Wọ́n ní kí àwọn kan lára wọn kọ ìgbà tí wọ́n máa jókòó ṣe é àti ibi tí wọ́n máa jókòó sí. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn yòókù. Nínú àwọn tó kọ ìgbà àti ibi, bí i mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ṣe é. Nínú àwọn yòókù, bí i ẹnì kan nínú mẹ́ta ni. Gbogbo wọn ló ní àwọn fẹ́ ṣe é o. Ìgbà àti ibi ló ya wọ́n sọ́tọ̀.

Òmíràn wáyé ní ilé iṣẹ́ kan l'Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2011. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn gágá ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́, àfi pé lórí ti àwọn kan, wọ́n fi àyè sílẹ̀ kí òṣìṣẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọjọ́ àti wákàtí tó máa lọ. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ló gba abẹ́rẹ́ nínú àwọn tí kò rí àyè náà. Nínú àwọn tó rí i, ó di mẹ́tàdínlógójì. Èèyàn mẹ́rin péré ló fi lé. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ ìyanu kò ní rí i níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà kan ṣoṣo lórí ìwé ló mú mẹ́rin yẹn dìde lórí àga, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ọ̀nà àtikọ ọ́ nìyẹn. Ó wá ku bí a ṣe máa bi ara wa léèrè lálẹ́, èyí ló sì ṣòro jù.

Ẹ wo káàdì àjọ. Àpótí mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kan fún ọjọ́ kan. Bí alájọ bá ti gba owó, á sàmì sí àpótí ọjọ́ náà. Bí oṣù bá parí, á yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, á kó ìyókù fún ẹni tó ni ín. Ìyá tí kò lè fi ẹgbẹ̀rún méjì náírà pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, òun náà ló ń fi káàdì yìí kó owó ọjà jọ. Àpótí tó ṣófo ló ń lé e. Bó bá ṣí káàdì náà, tó rí àpótí mẹ́ta tí kò lámì láàárín èyí tó lámì, ojú á tì í, kódà bí alájọ ò bá sọ̀rọ̀.

Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ni Benjamin Franklin, òǹtẹ̀wé ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1706, ṣe fún ìwà ara rẹ̀. Ó yan ìwà mẹ́tàlá tó fẹ́ kó mọ́ òun lára, lára wọn ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ìṣọ́wóná, àṣekára, òtítọ́ inú, ìmọ́tótó, ìrẹ̀lẹ̀ àti kí gbogbo nǹkan òun wà létòlétò. Ó mú ìwé kékeré kan, ó fi yíǹkì pupa fa ìlà sí i: ọ̀wọ́ méje fún ọjọ́ méje, ìlà mẹ́tàlá fún ìwà mẹ́tàlá. Alaalẹ́ ló ń yẹ ara rẹ̀ wò. Bó bá ti ṣẹ̀ sí ọ̀kan, á fi àmì dúdú sójú ibẹ̀. Kì í lé gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìwà kan ló ń dojú kọ lọ́sẹ̀ kan, nítorí náà á parí rẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́tàlá, á sì lè yí i po lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún. Láàárọ̀, á bi ara rẹ̀ pé rere wo lòun máa ṣe lónìí. Lálẹ́, á bi ara rẹ̀ pé rere wo lòun ṣe.

Franklin ò purọ́ fún wa nípa bó ṣe rí. Ó sọ nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ pé àbùkù òun pọ̀ ju bí òun ti rò lọ. Bó ṣe ń pa àmì rẹ́ kó lè tún ìwé náà lò, ìwé ń lu, títí ó fi wá ohun tí kì í lu, eyín erin pẹlẹbẹ, tó fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí, tó sì ń fi kàn-ìn-kàn-ìn tútù nù ún. Ọ̀rọ̀ ètò ló bá a fínra jù lọ. Títí tó fi darúgbó, ìwé orí tábìlì rẹ̀ kò lójú. Òun náà rèé tó di gbajúmọ̀ káàkiri ayé. Mo fẹ́ràn ibi yìí ju gbogbo ìtàn rẹ̀ lọ, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń ju ìwé nù ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n á ní ìkùnà ló pọ̀ níbẹ̀. Ìkùnà yẹn la ra ìwé torí rẹ̀!

A ní àwọn tó ṣe irú rẹ̀ nílé. Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san, ará Ìbàdàn tó di aṣíwájú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn àgbẹ̀ kòkó, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sílẹ̀. Àwọn ìwé náà wà ní ibi ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹni tó bá rò pé ìṣẹ́gun nìkan làwọn ẹni ńlá ń kọ sílẹ̀, kó lọ wò ó: gbèsè wà níbẹ̀, ìdààmú ọkàn wà níbẹ̀, àròyé nípa owó pọ̀ níbẹ̀ bí i yanrìn.

Ti Àlùfáà Samuel Johnson tún yàtọ̀. Òun ló kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí gbogbo wa ń tọ́ka sí. Oníṣẹ́ ìjọ CMS ni, àṣẹ ìjọ náà sì ni pé kí àwọn òṣìṣẹ́ máa kọ ohun tí ojú wọn ń rí sílẹ̀, kí wọ́n sì máa fi ránṣẹ́. Iṣẹ́ ló kọ́kọ́ sọ kíkọ di dandan fún un kó tó mọ́ ọn lára. Ní 1897, ó parí ìwé ńlá náà, wọ́n fi ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní Ìlú Ọba. Ìwé sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láìfojú rí i. Ká ní ẹ̀dà kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ni, ibẹ̀ ni ì bá parí sí. Ṣùgbọ́n ó fi àkọsílẹ̀ rẹpẹtẹ àti ìwé tó kọ́kọ́ fi dánra wò sílẹ̀. Inú wọn ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ti tún ìwé náà kọ.

Wàhálà ò tán o. Nígbà tí wọ́n tún fi í ránṣẹ́ ní 1916, ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ń lọ lọ́wọ́, àwọn ará Jámánì sì mú ọkọ̀ òkun Appam tó gbé e, wọ́n wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde, Dókítà náà sì ti kú ní ọdún kan ṣáájú. Ẹni tó bá ka ojú ìwé rẹ̀ lónìí, àkọsílẹ̀ wẹ́wẹ́ tí àlùfáà kan fi sílẹ̀ ló ń kà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí tiwa. Ká sọ pé onídìrí kan wà tó fẹ́ tún ìdánwò GCE ṣe lóṣù mélòó kan sí i, ìṣirò ló sì já a kulẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ó ra ìwé ìkọ̀wé olójú-ewé ọgọ́ta. Lójú ewé àkọ́kọ́, ó kọ ohun tó ń lé, ìdánwò wo àti ọjọ́ wo. Ó tán. Kò ní padà síbẹ̀ lójoojúmọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó tó kúrò nílé, ó kọ báyìí: “Bí mo bá ti gbá ṣọ́ọ̀bù tán, kí oníbàárà àkọ́kọ́ tó jókòó, n óò ṣe ìṣirò mẹ́rin nípa ìdá. Bí oníbàárà bá ti ń dúró dè mí, n óò ṣe é bí mo bá ti ti ilẹ̀kùn lálẹ́. Bí iná bá lọ, n óò lo tọ́ọ̀ṣì fóònù.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá kọ nǹkan mẹ́wàá sílẹ̀ fún òwúrọ̀ ti pe ìjákulẹ̀ wá jẹun alẹ́.

Lálẹ́, kó tó sùn, ó kọ ìdáhùn sábẹ́ rẹ̀: “Mo ṣe méjì. Ìyàwó ojú ọ̀nà kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́fà wá dirun. Ìkẹta ò yé mi, kí n bi ọmọ lanlọ́ọ̀dù.” Ẹ ṣàkíyèsí pé kò bú ara rẹ̀, kò sì tan ara rẹ̀ jẹ. Ó sọ iye tó ṣe, ó sọ ohun tó dí i lọ́wọ́, ó sọ ohun tó kàn. Ọ̀rọ̀ ọmọ lanlọ́ọ̀dù yẹn ló máa di ìlà àkọ́kọ́ lọ́la.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó ṣí ìwé náà láti ẹ̀yìn wá, ó rí i pé kò sí ọjọ́ Àbámẹ́ta kan tó ṣe ìṣirò rí. Báwo ló ṣe fẹ́ ṣe é? Ọjọ́ ìnáwó ni, láti ìdájí ni wọ́n ti ń tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó ti ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀lẹ tẹ́lẹ̀. Ìwé ló jẹ́ kó mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀lẹ, ètò ló gbé sí ọjọ́ tí kò yẹ. Ó yọ Àbámẹ́ta kúrò pátápátá, ó sì fi kún ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ọwọ́ máa ń dilẹ̀. Lójú tèmi, àǹfààní tó ga jù nínú kíkọ lójoojúmọ́ nìyí. Ọkàn wa máa ń rántí ẹ̀dùn rẹ̀, kì í rántí ọjọ́ rẹ̀.

Àwọn kan á béèrè pé títí dìgbà wo? Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwádìí kan tí Phillippa Lally ṣáájú rẹ̀ tẹ̀ lé èèyàn mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún tí kálukú wọn yan ohun kékeré kan láti máa ṣe lójoojúmọ́: ẹlòmíì ní òun á máa jẹ èso pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán, ẹlòmíì ní òun á máa sáré díẹ̀ kóun tó jẹun alẹ́. Ìwádìí náà jáde ní 2010. Ẹni tó bọ́ sí àárín gbùngbùn lára wọn, ọjọ́ mẹ́rìndínláàádọ́rin ló gbà kí nǹkan náà tó mọ́ ọn lára. Ó mọ́ ẹlòmíì lára ní ọjọ́ méjìdínlógún, wọ́n sì ṣírò ti ẹlòmíì sí 254. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní ọjọ́ mọ́kànlélógún ni, ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Ohun míì tí wọ́n rí ni pé ọjọ́ kan tí èèyàn bá pa jẹ kò ba iṣẹ́ jẹ́. Bí ẹ kò bá kọ ọ́ lánàá, ẹ kọ tòní. Ẹ má ṣe máa di ẹrù àná mọ́ tòní, kò ní gbé e.

Ọ̀ràn àṣírí ńkọ́? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa kì í fẹ́ kọ ètò sílẹ̀ nítorí kí ayé má rí i. Mi ò ní bá yín jiyàn lórí ayé. Mo kàn fẹ́ sọ pé Gollwitzer tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan tún ṣe ìwádìí kan tí ó tẹ̀ jáde ní 2009, ó sì rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin tí ẹlòmíì ti ka ìpinnu wọn láti di agbẹjọ́rò gidi kò fi àkókò ṣiṣẹ́ tó àwọn tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ nípa tiwọn. Ó dà bíi pé ìyìn tí wọ́n ti gbà ṣáájú ló tẹ́ wọn lọ́rùn. Ẹ fi ìwé yín sínú báàgì, ẹ má fi í han ẹgbẹ́. Ẹnì kan tó máa béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ yín, tí kò ní pàtẹ́wọ́ fún yín, ìyẹn nìkan lẹ lè fi hàn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ní fóònù ló kù, kí ni ìwé fẹ́ ṣe: fóònù dára, bó bá jẹ́ pé ẹ lè ṣí i kí WhatsApp má gbé yín lọ. Èmi ò lè ṣe é, ìwé ni mò ń lò.

Ìyá kan tẹ̀ wá láago lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní àwọn ò mọ̀wé, ṣé ètò yìí kan àwọn? Ó kàn yín, Màmá. Kí àwọn òbí wa tó mọ bírò ni wọ́n ti ń fi èédú fa igi sára ògiri láti ka gbèsè. Ẹ ra kàlẹ́ńdà ńlá kan, ẹ gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ yan ohun kan ṣoṣo. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ṣe é, ẹ fa igi sójú ọjọ́ náà. Ọjọ́ tẹ́ ò bá ṣe é, ẹ fi sílẹ̀ lófìfo, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọọmọ bá yín fa ti ọjọ́ tẹ́ ò ṣe. Ní ti bí ẹ ṣe máa gbèrò ọjọ́ kejì, ẹ pe ọmọ náà lálẹ́, ẹ sọ ọ́ fún un pẹ̀lú wákàtí àti ibi, kó kọ ọ́, kó sì kà á fún yín láàárọ̀. Bí ọmọ kò bá sí nílé, ẹ ní kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń gba ohùn sílẹ̀ lórí fóònù hàn yín.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ní àkókò yìí kan náà, ọ̀rọ̀ lórí bí oníṣòwò kékeré ṣe lè ya owó ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára owó oúnjẹ ló kàn. Ẹ mú bírò dání. Ó dìgbà náà o.